Kámẹ́rà ti wà lọ́wọ́ mi àmọ́ fọ́tò mi ò yàtọ̀ sí ti fóònù, kí ni kí n kọ́kọ́ kọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀kún o, ẹ̀gbọ́n. Kàbbà ni mo wà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra Canon tòkunbọ̀ kan pẹ̀lú lẹ́ǹsì 18-55 tó bá a wá. Mo ti wo fídíò títí lórí aperture, shutter àti ISO, mo tiẹ̀ kọ nọ́ńbà wọn sínú ìwé, àmọ́ tí mo bá dé òde ìnáwó, fọ́tò mi ò yàtọ̀ sí ti fóònù. Ojú àwọn èèyàn máa ń dúdú jù, ìlà dúdú máa ń gba inú fọ́tò kọjá tí a bá wà nínú họ́ọ̀lù, ẹ̀yìn ìyàwó sì máa ń kún fún rádaràda. Ṣé nọ́ńbà yẹn ni mi ò tíì há dáadáa, àbí ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń to àwòrán ni kí n kọ́kọ́ kọ́, àbí kí n kúkú wá owó lẹ́ǹsì tuntun?

ÌDÁHÙN: Ọ̀kún, àbúrò mi, o kú iṣẹ́. Jẹ́ ká ti ọ̀rọ̀ lẹ́ǹsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, a ṣì máa dé bẹ̀. Nọ́ńbà tí o há yẹn ò burú, àmọ́ òun kọ́ ló ń ṣáájú. Ohun tó ń ṣáájú ni pé kí o mọ ibi tí o fẹ́ kí ojú ẹni tó máa wo fọ́tò yẹn kọ́kọ́ lọ, ìgbà yẹn ni wàá tó mọ ohun tí wàá ní kí kámẹ́rà bá ọ ṣe. Ẹni tó ń yí aperture kiri nígbà tí ò tíì mọ ohun tó ń yà, àfi bí ẹni tó ń wọn iyọ̀ tí ò tíì mọ ọbẹ̀ tó fẹ́ sè.

Torí náà fi kámẹ́rà ẹ sórí P ná, níbi tí òun fúnra ẹ̀ ti ń yan aperture àti shutter, tó bá yá kí o bọ́ sí Av, níbi tí ìwọ ti ń yan aperture tí òun á sì yan shutter. Àwọn kan á sọ fún ọ pé ẹni tí ò bá lo M, níbi tí èèyàn ti ń fọwọ́ ara ẹ̀ yan gbogbo ẹ̀, kì í ṣe fọ́tógíráfà gidi, má dá wọn lóhùn, mi ò tíì rí kọ́sítọ́mà tó béèrè pé mode wo ni wọ́n fi ya òun.

Ẹ̀yìn ìyàwó tó kún fún rádaràda yẹn ni ká ti bẹ̀rẹ̀, torí òun ni mo rí i pé ó ń ba fọ́tò jẹ́ jù ládùúgbò wa. O mọ bí òde wa ṣe máa ń rí, kánópì rèé, àga rọ́bà rèé, jẹnẹrétọ̀ rèé, ẹnì kan ń gbé kúlà kọjá, ìyàwó wá dúró sáàárín gbogbo ẹ̀, òpó kánópì sì yọ jáde látorí gèlè ẹ̀ bí ìwo. Ìwọ tí o dúró níbẹ̀, ìyàwó nìkan lò ń rí, torí ọpọlọ ẹ ti bá ọ pa ìyókù rẹ́. Kámẹ́rà ò ní ọpọlọ yẹn, gbogbo ohun tó wà níwájú ẹ̀ ló máa kó. Kó tó di pé o tẹ bọ́tìnnì, fi ojú yí etí fọ́tò yẹn ká lẹ́ẹ̀kan, apá òkè, apá ìsàlẹ̀, ọ̀tún, òsì, kí o sì wo ohun tó wà lẹ́yìn orí ẹni tí ò ń yà. Lọ́pọ̀ ìgbà ìṣísẹ̀ méjì sí òsì ti tó, tàbí kí o lóṣòó díẹ̀ kí ojú ọ̀run lè di ẹ̀yìn ẹ̀. Owó kankan ò sí ńbẹ̀.

Tí o bá fẹ́ rí ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí dójú àmì, wá fọ́tò J. D. 'Okhai Ojeikere wò. Ọmọ apá Ẹdó ni, Èkó ló ti ṣiṣẹ́ jù, ó kú ní 2014. Láti 1968 ló ti ń ya irun orí àwọn obìnrin Nàìjíríà, dúdú àti funfun, púpọ̀ nínú wọn ẹ̀yìn orí nìkan ni, ojú ò sí níbẹ̀ rárá. Ẹ̀yìn fọ́tò á dá wáí, irun yẹn á dúró sáàárín gbọnrangandan, o ò ní rí nǹkan míì tí wàá wò ju bí wọ́n ṣe dì í, bí ìlà ṣe ń tẹ̀ lé ìlà, bó ṣe ga tó, bó ṣe rí rogodo. Gbogbo ohun tí wọ́n ń kọ́ ní kíláàsì design, ìlà, ìrísí nǹkan, àtúntò ohun kan náà léraléra, àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ lófìfo, orí èèyàn kan ṣoṣo ló ti kó gbogbo ẹ̀ jọ. Kíyè sí i pé àárín ló gbé e sí o, àwọn tó ń pariwo pé kí o pín fọ́tò sọ́nà mẹ́ta kí o sì gbé nǹkan sórí ìlà, òótọ́ ni wọ́n ń sọ, ó máa ń ṣiṣẹ́, pàápàá tí ẹni tí ò ń yà bá kọjú sápá kan tí o fẹ́ fi àyè sílẹ̀ níwájú ẹ̀, àmọ́ tí ohun tí ò ń yà bá bára dọ́gba lọ́tùn-ún lósì, àárín ni àyè ẹ̀.

Ìwọ náà lọ sọ́dọ̀ onídìrí kan tí ẹ jọ mọra, bẹ̀ ẹ́ pé kí o ya irun tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dì tán. Jẹ́ kí kọ́sítọ́mà ẹ̀ jókòó lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, kó kọ ẹ̀gbẹ́ sí ìta, kí ìmọ́lẹ̀ lè máa gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, wàá rí i pé dídì yẹn á yọ síta nítorí òjìji tó wà láàárín ìlà sí ìlà. Tí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án láti iwájú gbáà, gbogbo ẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ó yá, sẹ́tìn. Aperture ni ihò tó wà nínú lẹ́ǹsì, nọ́ńbà ẹ̀ sì ń lọ sẹ́yìn, f/2.8 tóbi ju f/8 lọ. Tí o bá ń gbà á láti 2.8 sí 4, sí 5.6, sí 8, sí 11, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé ń dín sí ìdajì níbi kọ̀ọ̀kan. Ihò tó tóbi máa ń jẹ́ kí ẹ̀yìn fọ́tò ṣú, ìyẹn ni pé kò ní hàn kedere, gbogbo èèyàn ló mọ ìyẹn, ohun tí wọn kì í sọ fún ẹni tó ní 18-55 ni pé ihò nìkan kọ́ ló ń ṣe é. Fa lẹ́ǹsì ẹ dé 55, ihò ẹ̀ ò ní lè tóbi ju f/5.6 lọ níbẹ̀, ó tó bẹ́ẹ̀, wá sún mọ́ ìyàwó débi tí orí dé àyà ẹ̀ á fi kún fọ́tò, kí o sì fà á kúrò lára ògiri, kí ó tó mítà mẹ́rin tàbí márùn-ún síwájú. Ẹ̀yìn yẹn á ṣú. Fọ́tò tí wọ́n fara ti ògiri yà, lẹ́ǹsì olówó gọbọi pàápàá ò lè yọ ògiri yẹn kúrò. Fọ́tò mọ̀lẹ́bí ńkọ́, tí ìyá ìyàwó àtàwọn ẹ̀gbọ́n bá tò ní ìlà mẹ́ta? f/8, focus sórí ẹni tó wà ní ìlà iwájú tàbí ìkejì, má fi ìṣú dánnú níbẹ̀ o, torí ẹni tí ojú ẹ̀ bá ṣú nínú fọ́tò ẹbí máa rántí ẹ títí ayé.

Shutter ní tiẹ̀ ni bí fèrèsé inú kámẹ́rà ṣe pẹ́ tó ní ṣíṣí sílẹ̀. Ẹni tó dúró ń sọ̀rọ̀, 1/125 ìṣẹ́jú àáyá ti tó o. Ẹni tó ń jó tí wọ́n ń ná lówó, kó má dín ní 1/250, 1/500 sàn jù tí ìmọ́lẹ̀ bá gbà. Ọwọ́ tìrẹ náà ń gbọ̀n, tí lẹ́ǹsì bá wà ní 55 lórí irú Canon yẹn, má lọ sísàlẹ̀ 1/100, àfi tó bá ní IS lára, ìyẹn ohun tó ń bá ọwọ́ tó ń gbọ̀n dúró.

Ìlà dúdú inú họ́ọ̀lù yẹn, kámẹ́rà ẹ ò bàjẹ́ rárá. Iná Nàìjíríà ń lọ ní 50 Hz, gílóòbù ń tàn ń rọ̀ nígbà 100 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, ojú wa ò lè rí i, àmọ́ tí shutter bá yára jù, á ká a mọ́bi tó ti ń rọ̀. Àwọn iná LED olówó pọ́ọ́kú ló burú jù. Gbé shutter sí 1/100 tàbí 1/50, ìlà yẹn á lọ tàbí kó dín kù gan-an. Tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n ń lò, ó lè má pé 50 géérégé, ṣùgbọ́n kò ní jìnnà síbẹ̀. Wàhálà tó wà ńbẹ̀ ni pé 1/100 ò tó fún ijó, ibẹ̀ ni flash ti wúlò, flash tó ń dá dúró tí o lè kọjú ẹ̀ sí àjà funfun, kì í ṣe èyí tó ń yọ lórí kámẹ́rà tó máa ń jẹ́ kí iwájú orí èèyàn máa dán bí ẹni tó fi òróró para.

ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń gbé ìmọ́lẹ̀ tó gbà sókè tó, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Má bẹ̀rù 1600 tàbí 3200. Fọ́tò tó ní yanrìn díẹ̀, àwọn tóótòòtó tó ń hàn lójú fọ́tò, àmọ́ tí ojú mọ́ kedere, èèyàn á gbà á, èyí tó mọ́ lóló tó sì ṣú, kò sẹ́ni tó máa sanwó ẹ̀. Yanrìn tó ń burú jù ni èyí tó máa ń jáde tí o bá ya fọ́tò dúdú tí o wá ń fi agídí tàn án lórí kọ̀ǹpútà.

Ìyẹn ló gbé wa dé orí ojú tó ń dúdú. Kámẹ́rà ò mọ ẹni tí ò ń yà, ohun tó ń ṣe ni pé gbogbo nǹkan ló fẹ́ sọ di àwọ̀ eérú àárín méjì. Tí ìyàwó bá wọ léèsì funfun tó dúró níwájú ògiri funfun, kámẹ́rà á ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú ìyàwó á bá a lọ. Torí ìyẹn ni bọ́tìnnì tó ní +/- lára ṣe wà, fi kún un, +2/3 tàbí +1, wo ojú lórí skrínì, wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Tó bá jẹ́ aṣọ dúdú àti inú yàrá tó ṣókùnkùn ni, òdì kejì ẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀, ìgbà yẹn ni wàá yọ kúrò lára ẹ̀. Awọ dúdú wa ò le yà rárá, àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ti jẹ́ kí kámẹ́rà máa bá wọn ronú.

Pupa náà ní ẹ̀tàn tiẹ̀. O mọ aṣọ ìpò pupa tí àwọn Bùnú, aládùúgbò Kàbbà, máa ń hun láyé àtijọ́, tí wọ́n ń lò níbi òkú àgbà àti lára egúngún. Tí o bá yà á nínú oòrùn, ìmọ́lẹ̀ fọ́tò lè dà bíi pé ó dáa lápapọ̀, síbẹ̀ àwọ̀ pupa nìkan ti kún àkúnya, gbogbo ọnà tí wọ́n hun sínú ẹ̀ á pòórá, á wá dà bí ọ̀dà tí wọ́n kùn. Ṣí histogram, àtẹ tí kámẹ́rà fi ń ṣàfihàn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó, èyí tó pín sí pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù, tí pupa bá ti lẹ̀ mọ́ apá ọ̀tún, fi +/- dín in kù títí yóò fi kúrò níbẹ̀. Kí o sì gbé e síwájú ewéko, àwọ̀ méjèèjì á gbé ara wọn yọ. Egúngún ní tiẹ̀, gba àṣẹ lọ́wọ́ àgbà kí o tó gbé kámẹ́rà sókè, àwọn kan wà tí wọn ò ń yà.

Nípa oòrùn, Kàbbà ò jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé, nínú oṣù kẹrin àti ní nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, orí wa gangan ló ń wà ní bí aago méjìlá ààbọ̀, ojú èèyàn á wá ní ihò dúdú méjì níbi tó yẹ kí ẹyinjú wà. Ní àkókò yẹn gbé wọn lọ sí etí kánópì, abẹ́ máńgò tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí wọ́n kọjú síta síbi tó mọ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ wúrà ìrọ̀lẹ́ tí àwọn òyìnbó ń fi wákàtí gbáko yà nínú fídíò wọn, lọ́dọ̀ tiwa oòrùn máa ń já lulẹ̀ kíákíá ni, bí ìdajì wákàtí ni o ní, torí náà kí ìyàwó ti múra tán kó tó di àkókò yẹn. Ọyẹ́ náà tún ń bọ̀, á jẹ́ kí àwọn òkè àpáta Ògìdì dà bí èéfín, o lè lo ìyẹn sha, gbé ẹnì kan síwájú kó dúdú kedere kí òkè máa ṣá lọ lẹ́yìn ẹ̀, á fi bí òkè náà ṣe tóbi tó hàn. Má yọ lẹ́ǹsì kúrò lára kámẹ́rà ní gbangba nígbà ọyẹ́, kí eruku má bàa wọlé.

Ó wá ku lẹ́ǹsì. Má tíì rà á. Nǹkan tí màá kọ́kọ́ rà tó bá jẹ́ èmi ni páálí fóòmù funfun kan tí ẹnì kan á máa gbé sábẹ́ ojú ìyàwó kó lè máa dá ìmọ́lẹ̀ padà, lẹ́yìn ẹ̀ flash. Tí owó bá wá tún wà, 50mm f/1.8, ó kéré, kò wọ́n bíi ti àwọn yòókù, àmọ́ mọ̀ pé lórí Canon tìrẹ á dà bíi 80mm, nínú pálọ̀ kékeré ẹ̀yìn ẹ á ti kan ògiri kí o tó rí èèyàn méjì nínú ẹ̀. Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀, tan tọ́ọ̀ṣì láti apá kan kí o máa wò ó láti apá kejì, tí o bá rí nǹkan funfun tó ta bí òwú nínú dígí ẹ̀, ó ti bu nìyẹn, má rà á bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Wo ihò ẹ̀ náà bóyá òróró ti sun sára àwọn irin pẹlẹbẹ tó ń ṣí i tó ń pa á dé, kí o sì ya fọ́tò méjì-mẹ́ta pẹ̀lú ẹ̀ kí o tó sanwó, ọ̀kan ní f/1.8, ọ̀kan ní f/8, lórí kámẹ́rà tìẹ gan-an.