Irun Wa Lọ́wọ́ Onígbàjámọ̀ Ṣáínà: Ìdáhùn sí Lẹ́tà Yín

Lẹ́tà ti ń wọlé láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Yorùbá tó ń kàwé tàbí tó ń ṣòwò ní Ṣáínà. Ẹjọ́ kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn ń rò: ṣọ́ọ̀bù irun tó wà ládùúgbò wọn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọwọ́ tó wà níbẹ̀ kò sì mọ irun tó ká. Kí a tó dáhùn, ohun kan wà tí a fẹ́ tẹnu mọ́: ẹ parí àdéhùn kí wọ́n tó so aṣọ mọ́ yín lọ́rùn.

Mo ní kí wọ́n gẹ̀ mí ní nọ́ńbà 2, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fá a kodoro. Kí ló fà á? (Akẹ́kọ̀ọ́, Wuhan)

Ìṣòro méjì ló pàdé lórí yín. Àkọ́kọ́ ni nọ́ńbà yẹn. Báàbà Ṣáínà kì í pe 1, 2, 3, 4. Ìwọ̀n mìlímítà ni wọ́n kọ sára kóòmù tí wọ́n ń fi sẹ́nu kílípà: 3, 6, 9, 12. Nọ́ńbà 1 wa bá 3 wọn mu, 2 bá 6 mu. Nọ́ńbà 3 wa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 10, 4 sì tó 13, nítorí náà 9 àti 12 wọn yóò fi díẹ̀ kúrú ju bó ṣe mọ́ yín lára lọ.

Ìkejì ló ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Ọ̀pọ̀ wọn kì í lo kóòmù ẹnu kílípà rárá. Wọ́n á fi kóòmù ọwọ́ gbé irun sókè, wọ́n á wá fi kílípà gbá ohun tó yọ lórí rẹ̀. Irun tó nà á dúró ṣánṣán lórí kóòmù. Tiwa á ká padà, ọwọ́ á wá máa wọlẹ̀ láti wá a, títí kílípà yóò fi kan awọ orí níbi kan tí ibòmíràn á ṣì ga. Ẹ ní kó lo kóòmù ẹnu kílípà, "yòng kǎchǐ" (用卡尺), kó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí 12, "shí'èr háomǐ" (12毫米). Bí kò bá kúrú tó, ẹ ní "zài duǎn yìdiǎn" (再短一点). Ẹ fi kún un pé "bú yào dǎbáo" (不要打薄), nítorí sísọ́ọ̀sì eléyín tí wọ́n fi ń dín irun tó ki kù máa ń dá ihò sínú irun kíká, àfi kí ẹ dúró kó hù padà.

Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n la etí irun, "xiū biān" (修边) ni wọ́n ń pè é. Ẹ fi ìka tọ́ ibi tí ìlà iwájú orí yín wà gan-an, kí wọ́n má bàa tì í sẹ́yìn. Àwòrán orí yín fúnra yín, iwájú, ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn, tí ẹ yà lọ́jọ́ tí wọ́n gẹ̀ ẹ́ dáadáa, sàn ju àwòrán òṣèré èyíkéyìí lọ.

Ríláàsà wà lórí mi láti ilé. Ṣọ́ọ̀bù kan ní àwọn lè fi "lízi tàng" nà án kó dán. Ṣé kí n gbà? (Oníṣòwò, Guangzhou)

Ẹ má gbà. Ríláàsà tó wọ́pọ̀ nílé, yálà ti sodium hydroxide tàbí ti guanidine, máa ń yí okùn inú irun padà láìní àtúnṣe. "Lízi tàng" (离子烫) ní tirẹ̀ ń lo oògùn mìíràn tí wọ́n ń pè ní thioglycolate. Wọ́n á fọ̀ ọ́ kúrò, wọ́n á fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná nà án, wọ́n á sì fi oògùn kejì dì í. Ríláàsà àti thioglycolate kì í gbé orí irun kan náà. Irun tó bá gba méjèèjì máa ń fà bíi rọ́bà nígbà tó bá tutù, lẹ́yìn náà á já, nígbà mìíràn láti ìdí. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ dúró oṣù mẹ́ta kí ẹ tó ṣe é kò sọ òótọ́ fún yín: ibi tí ríláàsà ti kàn kì í padà sí bó ṣe wà, gígé ló ń gé e kúrò. Bákan náà ni lódìkejì: ẹni tó bá ti ṣe lízi tàng kò gbọdọ̀ fi ríláàsà lé e.

Ibi tí ewu wà jù ni ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi oníbàárà: "tàng guo ma?" (烫过吗), ìyẹn ni pé, ṣé oògùn ti kan irun yìí rí. Àwọn obìnrin wa máa ń ní rárá, nítorí wọn kò tíì ṣe é ní Ṣáínà. Ìdáhùn tó yẹ ni "tàng guo". Onídìrí ọ̀hún kì í ṣe ẹni burúkú. Àwọn oníbàárà tó mọ̀ kì í lo ríláàsà irú tiwa, kò sì lè fi ojú dá a mọ̀ lórí irun tó ti nà.

Bí ìdàgbàsókè tuntun bá nílò ríláàsà, ẹ wá àwọn onídìrí ọmọ Áfíríkà ní agbègbè Xiaobei. Bí ẹ kò bá fẹ́ ju fífọ̀ àti nínà lásán lọ, ẹ ní "chuī zhí" (吹直), kí ẹ sì sọ pé ẹ kò fẹ́ "gānxǐ" (干洗), ìyẹn fífọ irun gbígbẹ lórí àga, tí wọ́n ti ń fi ìka ra ọṣẹ kiri orí. Ìrara yẹn dùn, ṣùgbọ́n ó máa ń ta irun kíká ní kókó. Èyí tí ẹ ó ti dùbúlẹ̀ sétí ọpọ́n, "shuǐxǐ" (水洗), ló dára. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yà á láti ẹnu irun wá sí ìdí.

Ṣọ́ọ̀bù irun kan ní kí n fi 1,000 yuan sínú káàdì wọn, pé ìdajì owó ni n ó máa san. (Akẹ́kọ̀ọ́, Hangzhou)

Ẹ ṣírò rẹ̀. Ká ní 60 yuan ni gígẹ̀, tó wá di 30: 1,000 yuan yóò gẹ̀ yín nígbà mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Bí ẹ bá ń gẹ̀ ẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì. Ṣé ẹ ó ṣì wà ní ìlú náà? Ṣé ṣọ́ọ̀bù náà á ṣì wà? Ṣọ́ọ̀bù irun máa ń yí ọwọ́ padà, oníṣọ́ọ̀bù tuntun sì lè ní òun kò mọ káàdì yín rí. Òfin iléeṣẹ́ ìjọba Ṣáínà tó ń rí sí ìṣòwò, ti ọdún 2012, ní káàdì aláìlórúkọ kò gbọdọ̀ ju 1,000 yuan lọ, èyí tó ní orúkọ kò sì gbọdọ̀ ju 5,000 lọ. Bí ẹ bá ti san, ẹ tọ́jú ẹ̀rí rẹ̀ lórí WeChat tàbí Alipay. 12315 ni nọ́ńbà tí oníbàárà ń pè láti fẹjọ́ sùn. Bí ẹ kò bá tíì san, ẹ ní "bù bàn kǎ" (不办卡), kí ẹ sì rẹ́rìn-ín.

Ẹ bi wọ́n ní "duōshao qián" (多少钱) kí wọ́n tó fọ orí yín, nítorí owó ẹni tí wọ́n pè ní "zǒngjiān" (总监), ìyẹn ọ̀gá onídìrí, ga ju ti àwọn yòókù lọ. Bí ẹ bá ra ìwé ẹ̀dínwó lórí áàpù Meituan, ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ 不限发长 sí i, ìyẹn ni pé bó ti wù kí irun gùn tó, iye kan náà ni. Bí kò bá sí, wọ́n lè fi owó kún un nítorí pé irun yín gùn.

Ẹ̀rù làpálàpá ń bà mí fún ọmọ mi. (Ìyá ọmọ, Yiwu)

Ẹ ra kílípà tiyín, kí ẹ máa gbé e lọ. Ẹ gbọn irun ara rẹ̀ dànù kí ẹ tó fi ọtí apakòkòrò 75% nù ún, nítorí ọtí kì í ṣiṣẹ́ dáadáa lórí ohun tí ìdọ̀tí bò. Bí làpálàpá bá ti wà lórí ọmọ, ẹ sọ fún wọn láìtijú: òfin ìmọ́tótó ibẹ̀ ní kí ṣọ́ọ̀bù ní irinṣẹ́ ọ̀tọ̀ fún irú rẹ̀, nínú àpótí tí wọ́n sábà ń kọ 皮肤病专用 sí, ìyẹn "fún àrùn awọ ara nìkan". Ẹ mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà pẹ̀lú, nítorí làpálàpá orí nílò oògùn mímu. Ìpara nìkan kì í dé ìdí irun.

Ṣé a máa ń fún wọn ní tíìpù, ìyẹn owó ọpẹ́ lórí owó iṣẹ́? (Oníṣòwò, Guangzhou)

Rárá o, kì í ṣe àṣà wọn ní Ṣáínà.

Kí ló dé tí owó fi ga, tí gbogbo ibi sì kún, ṣáájú ọdún wọn? (Akẹ́kọ̀ọ́, Guangzhou)

Ìgbàgbọ́ àtijọ́ kan ní ẹni tó bá gẹ irun nínú oṣù àkọ́kọ́ kàlẹ́ńdà òṣùpá, arákùnrin ìyá rẹ̀ yóò kú. Ìdí nìyí tí gbogbo ènìyàn fi ń sáré gẹ̀ ẹ́ ṣáájú, tí wọ́n sì tún ń tò lọ́jọ́ kejì oṣù kejì, tí wọ́n ń pè ní ọjọ́ tí dírágónì gbé orí sókè. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù máa ń tì fún bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì nígbà ọdún. Ẹ gẹ̀ ẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, tàbí kí ẹ dúró di ìgbà tí wọ́n bá ṣí padà nínú oṣù àkọ́kọ́ yẹn: àga á pọ̀, báàbà á sì ráyè fara balẹ̀ gbọ́ ohun tí ẹ fẹ́.