Ṣé kí n kó lọ sí ìlú ńlá nítorí iléeṣẹ́ mi?

*Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ ọdún 31 ni mí. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la jọ dá iléeṣẹ́ kékeré kan sílẹ̀ lọ́dún méjì sẹ́yìn. Áàpù la ṣe fún àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké, kí aláìsàn lè fi fóònù mú àsìkò tó máa rí dókítà, kó má baà jókòó láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ilé ìwòsàn 23 ló ń sanwó fún wa báyìí, ìlú tí a wà yìí sì ni gbogbo wọn wà. Ọ̀rẹ́ mi ní àfi ká kó lọ sí ìlú ńlá, torí ibẹ̀ ni àwọn olùdókòwò wà. Owó tó wà nílẹ̀ lè gbé wa fún oṣù mẹ́sàn-án. Ọkọ mi níṣẹ́ gidi níbí, ọmọ wa ti pé ọdún mẹ́ta. Mi ò tíì sọ fún un. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?*

*Ẹni Tí Ọkàn Rẹ̀ Pín sí Méjì*

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo ti gé lẹ́tà rẹ kúrú kó tó jáde síbí. Àmọ́ nínú èyí tó o kọ gan-an, mo fi báírò fàlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà “olùdókòwò” níbi gbogbo tí mo ti rí i. Ìgbà mọ́kànlá ni. “Oníbàárà” ò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ibẹ̀ ni ara ti fu mí.

Irọ́ kọ́ ni ọ̀rẹ́ rẹ ń pa o. Kíkó kúrò nílùú ti so èso rere fún àwọn kan. Oṣù kejì ọdún 2004 ni Mark Zuckerberg bẹ̀rẹ̀ Facebook ní yunifásítì Harvard. Kí ọdún yẹn tó parí, Palo Alto ní California ló ti ń ṣe é, ìgbà náà sì ni olùdókòwò kan, Peter Thiel, fi 500,000 dọ́là sí i. Ìtàn yìí ni gbogbo ẹni tó bá fẹ́ kó ẹrù máa ń sọ. Wọn kì í sọ apá kejì: lọ́dún 2011, Zuckerberg fẹnu ara rẹ̀ sọ fún àwọn tó fẹ́ dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ pé ká ní àsìkò yẹn lòun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, Boston, níbi tí Harvard wà nítòsí, lòun ì bá jókòó sí.

Jeff Bezos, tó dá Amazon sílẹ̀ láti máa ta ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, náà kó kúrò ní New York lọ sí Seattle lọ́dún 1994. Ṣùgbọ́n wo ìdí rẹ̀. Àwọn tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà pọ̀ níbẹ̀, torí Microsoft wà nítòsí, ilé ẹrù ńlá tí wọ́n ń kó ìwé sí kò sì jìnnà púpọ̀. Ìwé tó fẹ́ tà ló ń wò kó tó di ẹrù.

Èyí tó jọ ọ̀rọ̀ tìrẹ jù ni ti Airbnb, iléeṣẹ́ tí àwọn onílé ń tipasẹ̀ rẹ̀ háyà yàrá fún àlejò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní 2009, California ni àwọn tó dá a sílẹ̀ wà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń fi ilé wọn gba àlejò sì wà ní New York. Paul Graham, tó ń tọ́ wọn sọ́nà nígbà náà, ní kí wọ́n lọ bá àwọn èèyàn wọn. Wọn ò kó kúrò nílé. Wọ́n ń wọ bàálù lọ, wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń kanlẹ̀kùn, wọ́n sì ń fi kámẹ́rà tí wọ́n háyà ya fọ́tò yàrá àwọn onílé, torí àwọn fọ́tò tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀ ò wu ojú rí. Owó bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

Èmi náà ti kó lọ rí. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe nígbà náà, oníbàárà mẹ́sàn-án péré ni mo ní, mo sì rò pé fóònù á so wá pọ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta, obìnrin kan tó ti ń bá mi ṣe látìbẹ̀rẹ̀ pè mí ní aago méje àárọ̀. Wọ́n ti ṣi orúkọ kọ sórí ìwé ìpè tó fẹ́ pín lọ́jọ́ kejì. Mo jókòó sórí àga oníke nínú yàrá tí kò tíì ní kọ́tìnì, mò ń sọ “ẹ má bínú, ẹ má bínú”, kò sì sóhun tí mo lè ṣe. Kò pariwo. Ó kàn ní òun á wá ẹni tó wà nítòsí. Kí oṣù mẹ́fà tó pé, méje nínú àwọn mẹ́sàn-án náà ti lọ.

Nítorí náà, ta ló máa dá àwọn 23 tiyín lóhùn? Bí áàpù bá dákẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, tí èrò ti kún ẹnu ọ̀nà, tí akọ̀wé ò mọ ẹni tó kàn, kì í ṣe olùdókòwò ló máa pè.

Ohun tí màá ṣe nìyí. Kí ọ̀rẹ́ rẹ gbé báàgì kan, kó lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kó máa wá ilé ìwòsàn níbẹ̀, kó tó máa wá olówó. Tí márùn-ún bá sanwó (mo ní kí wọ́n sanwó o, kì í ṣe kí wọ́n ní “a máa pè yín”), ó di ọ̀rọ̀ tí èèyàn lè jókòó sọ. Ìpàdé àkọ́kọ́ pẹ̀lú olùdókòwò, ẹ lè ṣe é lórí kọ̀ǹpútà. Kí ẹ sì tún oṣù mẹ́sàn-án yẹn ṣírò: ẹ fi owó ilé tuntun, owó ọkọ̀ àti oṣù tí ẹ ò ní rí nǹkan tà kún un. Bó bá wá di oṣù márùn-ún, kò tó nǹkan fún ẹni tó ń wá owó olùdókòwò, torí ìpàdé ń bí ìpàdé kó tó bí owó.

Kí ẹ̀yin méjèèjì sì kọ̀wé àdéhùn kí ẹnikẹ́ni tó wọkọ̀. Bí ẹnì kan bá lọ tí ẹnì kejì dúró, kí ni ìpín kálukú? Níbi púpọ̀, ọdún mẹ́rin ni ìpín olùdásílẹ̀ fi ń di tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹni tó bá sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ọdún àkọ́kọ́ tó pé kì í mú nǹkan kan lọ. Ọ̀rẹ́ ni yín, mo mọ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó wá ku gbólóhùn kékeré tó o jù sí ìdí lẹ́tà, pé o ò tíì sọ fún ọkọ rẹ. Àbúrò mi, oṣù mẹ́rin ni ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò, o kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ. Ọkùnrin tí ẹ jọ ń sùn, tí ẹ jọ ń tọ́ ọmọ, ló máa gbọ́ ọ gbẹ̀yìn? Má dúró de ìgbà tí gbogbo ẹ̀ bá tò. Bí ọmọ bá ti sùn lálẹ́ òní, gbé ìṣirò yẹn síwájú rẹ̀ nígbà tí kò tíì pé, kó lè rí i pé ẹ ò tíì pinnu. Ó lè bínú. Ó sì lè béèrè ohun tí ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ ò rò kàn. Bó bá bi ọ́ pé láti ìgbà wo lo ti mọ̀, má purọ́.