Ìyá ìkókó tó fẹ́ gbé ọmọ lọ sí Súrùlérè

Ìyá ìkókó, ẹ kú ewu ọmọ o, Ọlọ́run á wò ó. Ẹ ní látìgbà tẹ́ ẹ ti bímọ ní Manchester, ẹ̀yin àti bàbá ọmọ ò lè sọ̀rọ̀ kó má di ìjà, ìyá ọkọ yín wá ní kẹ́ ẹ gbé ọmọ wá bá àwọn ní Súrùlérè títí tó fi máa tó nọ́sìrì.

Àwa náà ṣe é. Èbúté Mẹ́tta la gbé àkọ́bí wa lọ, lọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi. Èmi ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ọkọ mi ń ṣe tọ̀sán, owó tí wọ́n fi ń bá èèyàn tọ́jú ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù ju owó ilé wa lọ, a ò ní ẹbí kankan nítòsí, ẹni tí ò bá sí nínú ẹ̀ kó má dá wa lẹ́jọ́. Màmá sì tọ́jú ẹ̀ o, wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n pọ̀n ọ́n, wọn ò jẹ́ kí nǹkan kan ṣe é.

Ọjọ́ tá a lọ gbé e padà ni ò kúrò lọ́kàn mi. Mo nawọ́ sí i, ó sá sẹ́yìn màmá, ó pè mí ní àǹtí. Bàbá ẹ̀ ní mọ́mì ẹ̀ rèé, ó ní rárá, ó di ìró màmá mú, pé mọ́mì òun nìyí. Nígbà tá a délé, òyìnbó la ń sọ sí i kó lè bá àwọn ọmọ yòókù ṣeré, Yorùbá tó ti gbọ́ dáadáa yẹn náà bá lọ. Ó ti wà ní sẹ́kọ́ńdírì báyìí, tí nǹkan bá ń ṣe é kì í sọ fún mi, bàbá ẹ̀ ló máa lọ bá. Ṣé ibẹ̀ ló ti wá ni àbí bí ìwà ẹ̀ ṣe rí nìyẹn, mi ò lè sọ.

Ìjà yẹn gan-an, ọmọ lọ tán a ṣì ń jà. Ọmọ kejì ni nọ́ọ̀sì tó ń wá sílé tó fún mi ní ìbéèrè 10 kan tí wọ́n ń pè ní Edinburgh, tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá àìsàn ìbànújẹ́ tó ń tẹ̀lé ìbímọ ń ṣe èèyàn, ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé gbogbo ẹkún tí mo ń sun nígbà àkọ́bí, àìsàn ni, kì í ṣe ẹ̀bi ọkọ mi. Ẹ béèrè fún un. Tí ìbànújẹ́ yẹn bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ 2 ẹ lọ rí GP, dókítà àdúgbò yín, bàbá ọmọ náà lè ní i o. Líìfù ọ̀sẹ̀ 2 péré lòfin ibí fún bàbá ọmọ, ó rẹ òun náà.

Tiyín tó ọ̀sẹ̀ 52, bó tiẹ̀ jẹ́ pé 39 ni wọ́n ń sanwó ẹ̀. Ẹ fi díẹ̀ nínú ẹ̀ lọ jókòó ti màmá ní Súrùlérè, kí wọ́n máa bá yín wẹ ọmọ, kẹ́ ẹ máa sùn, kẹ́ ẹ sì gbé ọmọ yín padà bọ̀. Ọkọ yín ńkọ́, kí lòun sọ sí i? Ẹ ò sọ ìyẹn fún wa.