Sí àbúrò tó ń bèèrè nípa ìwádìí nínú iṣẹ́ ENT: ohun tí ojú mi rí ní Mushin

Àbúrò, mo rí ìbéèrè rẹ. O ní o ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ rẹ́sídẹ́ǹsì ENT, ìyẹn ẹ̀kọ́ṣẹ́ dókítà etí, imú àti ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀gá yín ní kí o mú àkòrí ìwádìí wá, ẹ̀rù sì ń bà ọ́ pé ìwádìí ò ní jẹ́ kí ọwọ́ rẹ yọ̀ nídìí abẹ. O tún ní kí lèèyàn fẹ́ wádìí l'Ékòó níbi tí kò ti sí ẹ̀rọ, tí iná ò sì dúró. Jẹ́ kí n sọ bí tèmi ṣe lọ.

Etí àwọn tó ń lọ ata ni mo mú ṣe àkòrí. Tí o bá ti dúró nídìí ẹ̀rọ ata rí ní ọjà Ọjúwòyè ní Mushin, o mọ̀ pé o ò lè bá ẹlẹ́rọ dúnàádúrà àfi kí o fẹnu kàn án létí. Decibel ni wọ́n fi ń wọn ariwo. Ariwo tó bá tó decibel 85, wákàtí 8 lóòjọ́ ni wọ́n ní kí etí fi gbà á mọ. Tó bá fi 3 lé sí i, àkókò náà dín sí ìdajì: 88 di wákàtí 4, 91 di wákàtí 2. Àwọn yìí sì ń ti àárọ̀ lọ ata dalẹ́. Mo yá audiometer, ẹ̀rọ tí a fi ń wọn bí etí ṣe ń gbọ́ràn sí, mo gba yàrá kan lẹ́yìn ọjà, ó di iṣẹ́.

Wọ́n kọ́kọ́ rò pé káńsù ló rán mi wá. Ìyá kan wo fọ́ọ̀mù tí mo ní kí wọ́n fọwọ́ sí, ó ní, "Dókítà, kí n tó tẹ̀ka, èló lẹ máa gbà lọ́wọ́ mi?" Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń ra ata lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó dá mi mọ̀ lẹ́ni wọn. (Ìyàwó mi ṣì ń fi rodo ìgbà yẹn ṣe mí ní yẹ̀yẹ́.) Mo wá tan iná wo etí ẹni àkọ́kọ́, mi ò rí awọ etí rárá. Ìdọ̀tí tó ti gan bí ọṣẹ dúdú ló dí i, ìyẹ́ adìyẹ kékeré kan sì há sáàárín ẹ̀. Kí n tó dán ẹnikẹ́ni wò, ó di pé kí n kọ́kọ́ fọ etí.

Gbogbo ìyẹn kéré. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tí ọwọ́ wọn bá dilẹ̀, ni mo ń dán wọn wò. Ìwé lórí ìwé, àmì pupa etí ọ̀tún àti àmì búlúù etí òsì ń wálẹ̀ ṣáá, bẹ́ẹ̀ bí àmì bá ṣe wálẹ̀ tó ni etí ṣe kú tó. Inú mi dùn bí ẹni he owó. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ọ̀gá mi wá sí yàrá yẹn fúnra wọn. Wọn ò wo ìwé kankan. Wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n fi ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ ohùn bò mí létí, wọ́n ń tẹ ẹ̀rọ. Lórí àwọn ohùn tó rẹlẹ̀, hertz 250 àti 500, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ló bo gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n wá bi mí pé, "Ìgbà wo làwọn yìí kúrò nídìí ẹ̀rọ?" Mi ò lè fèsì. Etí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú ariwo máa ń kú díẹ̀, tó bá sinmi tán, á padà bọ̀ sípò. Ó kéré tán, ó yẹ kó sinmi fún wákàtí 14 kéèyàn tó dán an wò. Gbogbo iṣẹ́ mi, inú páálí ló parí sí.

Mo tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Àárọ̀ kùtù ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn tí wọ́n ti sinmi lọ́jọ́ Àìkú, mo ń fi owó ara mi háyà dánfó kó wọn lọ sí yàrá tí ariwo ò wọ̀ nílé ìwòsàn. Ìgbà náà ni mo tó rí etí tí ariwo jẹ lóòótọ́: ìlà orí ìwé á já wálẹ̀ níbi ohùn tó ga, hertz 4,000, á tún gbéra díẹ̀ ní 8,000.

Ní ti ẹ̀rọ tí o ní kò sí, Robert Bárány, dókítà etí kan ní Vienna, omi ló ń fi fọ etí bíi tiwa. Òòyì ń kọ́ àwọn aláìsàn ẹ̀. Ó ṣàkíyèsí pé tí omi bá tutù, ẹyinjú wọn á máa ta sápá kan, tó bá gbóná, á ta sápá kejì. Ibẹ̀ ló ti rí ọ̀nà tí a fi ń dán etí inú wò dòní. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ti 1914, nígbà tó ṣì wà lẹ́wọ̀n ogun ní Rọ́ṣíà. Èmi náà ti da omi tútù sétí ìyá kan nígbà ọyẹ́ rí. Ó di bẹ́ẹ̀dì mú, ó ní ilé ń yí. Mo kàn ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà," mo lọ gbé omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ wá.

Ọwọ́ abẹ ńkọ́? Wàá pàdánù díẹ̀, mi ò ní purọ́. Ọjọ́ Ajé làwọn ẹgbẹ́ mi ń yọ bẹ́lúbẹ́lú, èmi ń bá dánfó kiri. Odidi ọdún kan ni mo fi lé wọn bá. Kì í ṣe èmi nìkan ni ìwádìí gba àkókò lọ́wọ́ ẹ̀: Graeme Clark, dókítà oníṣẹ́ abẹ etí ní Ọsirélíà, fi iṣẹ́ abẹ sílẹ̀ lọ ṣe PhD tó parí ní 1969, ó sì di 1978 kó tó fi iṣẹ́ abẹ gbé ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tó ṣe sínú etí inú aláìsàn rẹ̀ àkọ́kọ́.

Tí o bá ti mú àkòrí, kọ wákàtí tí o máa dán wọn wò sójú ìwé àkọ́kọ́. Kí o tó pe ẹnikẹ́ni, ìwọ fúnra ẹ jókòó sínú yàrá yẹn, kí ẹlòmíràn dán etí ẹ wò.