Kí ló dé tí àlejò Ulithi fi gbọ́dọ̀ mú ẹ̀bùn lọ bá ìjòyè?

Ẹnì kan béèrè ìdí tí ẹni tó bá fẹ́ lọ sí Ulithi, àwọn erékùṣù kéékèèké kan ní Micronesia nínú òkun Pàsífíìkì, fi gbọ́dọ̀ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn ìjòyè, kó sì gbé ẹ̀bùn dání. Wọ́n dá a lóhùn pé owó ibodè ni, pé ìjòyè kàn fẹ́ jẹun ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé sọ bẹ́ẹ̀. Ó tún wá dùn mí pé ọmọ Yorùbá ló fọ irú èsì yẹn.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wádìí àwọn èèyàn yìí. Orí erékùṣù tí iyùn òkun kó jọ di ilẹ̀ ni wọ́n ń gbé, ilẹ̀ wọn ò ga ju mítà mélòó kan lọ sórí omi. Bí ìjì bá gbé òkun wọlé, iyọ̀ á pa kókò inú àbàtà, àgbọn á wó. Ìjì Ophelia ṣe é fún wọn lọ́dún 1960, Maysak tún ṣe é lọ́dún 2015. Ẹni tó ń gbé irú ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ibi tí yóò sá sí.

Ibẹ̀ gan-an ni mo gbà pé àṣà náà ti ṣẹ̀. Láyé àtijọ́, ọkọ̀ á gbéra láti àwọn erékùṣù ìlà oòrùn, wọn á máa dara pọ̀ mọ́ra lọ́nà títí dé Ulithi, kí wọ́n tó jọ forí lé Gagil, agbègbè kan ní erékùṣù ńlá Yap. Sawei ni wọ́n ń pe ìrìnàjò náà. Wọn á kó aṣọ híhun, ẹní àti okùn àgbọn lọ. Ará Yap á fi oúnjẹ, ọparun àti ata ilẹ̀ pupa dá wọn lọ́lá. Bàbá ni wọ́n ka ará Yap sí, àwọn sì ni ọmọ. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè: Yap ní ilẹ̀ gíga àti igi, àwọn ará erékùṣù kéékèèké mọ aṣọ hun, wọ́n mọ ojú òkun. Ohun tí ọmọ ń gbé bọ̀ sì máa ń ju èyí tó gbé lọ. Ṣé bí ìṣákọ́lẹ̀ ṣe ń rí nìyẹn? Àwọn kan ní oògùn Yap ni wọ́n ń bẹ̀rù. Ẹ̀rù wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í bọ́ ẹni tí ìjì ti kó oko rẹ̀ lọ.

Jámánì ra àwọn erékùṣù náà lọ́wọ́ Sípéènì lọ́dún 1899, wọ́n sì dí ìrìnàjò ọlọ́nà jíjìn lọ́wọ́. Ìwà fífúnni ò kú. Ọkọ̀ òfuurufú ń balẹ̀ sí Falalop, ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù Ulithi, báyìí, àlejò á sì rò pé owó ọkọ̀ tí òun san ti parí ọ̀rọ̀!

Ti aṣọ tí wọ́n tún béèrè, pé kí ni obìnrin gbọ́dọ̀ fi bora níbẹ̀: itan ni kí obìnrin bò, àyà ò kàn wọ́n.

Ẹ gba àyè lọ́dọ̀ Council of Tamol, ìgbìmọ̀ àwọn ìjòyè erékùṣù, láti Yap. Ẹ mú ìrẹsì, kọfí àti ìwọ̀ ẹja dání, ẹ fi jíṣẹ́ fún ìjòyè kí ẹ tó yọ kámẹ́rà.