Kí ló dé tí ìyàwó kì í pe àbúrò ọkọ rẹ̀ lórúkọ?

Ọmọ mi, o ní ẹnìkan sọ lórí rédíò pé owó orí tí wọ́n san ló sọ ìyàwó di ẹrú, pé ìdí nìyẹn tí kò fi gbọdọ̀ pe ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ, bó ti wù kí onítọ̀hún kéré tó. Inú bí mi nígbà tí mo ka ohun tí o kọ sí mi. Irọ́ ni. Agboolé ni wọ́n bí mi sí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ti ṣe ìyàwó, mo sì ti di ìyálé.

Bó bá jẹ́ ẹrú ni, báwo ni ti èyí ṣe jẹ́? Ọmọbìnrin yìí kan náà, tó bá padà sílé baba rẹ̀, ọkọ ni lójú àwọn ìyàwó ibẹ̀. Aya ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó lè bí i lọ́mọ kò ní pe orúkọ rẹ̀. "Ọkọ mi" ni yóò máa pè é, yóò sì kúnlẹ̀ kí i. Ìgbà téèyàn wọlé là ń kà. Ẹni tí ìyàwó bá nílé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ì báà jẹ́ ọmọ ọmú. Èyí tí wọ́n bí lẹ́yìn tó dé, yóò pe orúkọ tiẹ̀ láìfòyà.

Àmọ́ wọn kò ní kó yadi. Wọ́n ní kó fún wọn lórúkọ tuntun. Adúmáadán, Ìbàdíàrán, Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́, Agùntáṣọọ́lò: ìyàwó ló ń sọ wọ́n. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, nítorí náà ọmọge tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yóò máa wo ìrìn wọn, ẹ̀rín wọn, ohun tí inú wọn ń dùn sí. Ibẹ̀ ló ti ń kọ́ èèyàn, ibẹ̀ ló ti ń dàgbà.

Ìyá mi bá àbúrò baba mi tó jẹ́ àbíkẹ́yìn nílé, ọmọkùnrin kékeré tó ń gbé síléètì lọ sílé ìwé. Akọ̀wé ló sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà, òun ló ń bá ìyá mi lọ sódò, òun ló ń bá a gbọ́mọ. Gbogbo agboolé gba orúkọ náà lẹ́nu ìyá mi, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé èyí tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ. Nígbà tí baba mi kú, tí àwọn kan fẹ́ gba yàrá lọ́wọ́ ìyá mi, Akọ̀wé ló dìde nípàdé ẹbí, ó ní ta ló fẹ́ lé ẹni tó sọ òun lórúkọ jáde. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.



Ó dùn mí pé "Bọ̀ọ̀dá" àti "Àǹtí" ló ti gba gbogbo rẹ̀. Èèyàn lè gbé fúláàtì l'Ékòó fún ọ̀pọ̀ ọdún láìmọ ohun tó ń pa àbúrò ọkọ rẹ̀ lẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ ìpàdé ẹbí, ta ni yóò wá dìde fún un?

O ní oṣù tó ń bọ̀ ni ìgbéyàwó rẹ. Lọ bi ìyá ọkọ rẹ léèrè gbogbo àwọn tí o máa bá nílé, kí o sì kọ́kọ́ sọ àbíkẹ́yìn lórúkọ, torí àwọn ọmọdé ló máa ń gbé e káàkiri agboolé.