Ṣé ìdá 104 wà nínú 100?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ọmọ mi obìnrin ní London ní bọ́ílà tó ń mú ilé àwọn gbóná ń rí ìdá 94 lò nínú 100 gáàsì tó ń jó. Àbúrò rẹ̀ ní Jámánì ní tòun jẹ́ 104. Ṣé kò purọ́? — Ìyá kan, Ìrẹmọ, Ilé-Ifẹ̀.

ÌDÁHÙN: Kò purọ́, Ìyá. Ó ṣeé ṣe kí bọ́ílà méjèèjì má sàn ju ara wọn lọ rárá. Ìṣirò wọn ló yàtọ̀.

Ẹ gbé ìkòkò omi tútù ka gáàsì, kí ẹ tètè wo ìdí rẹ̀: á máa làágùn. Ìkòkò ò jò o; inú iná lomi yẹn ti wá. Kìló gáàsì ìdáná kan tó bá jóná ń mú omi tó ju lítà kan ààbọ̀ jáde, àmọ́ ooru ló máa ń bá lọ, tòun ti igbóná ara rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ka igbóná yẹn mọ́ ohun tó wà nínú gáàsì. Ìṣirò àtijọ́ tó ṣì wà nínú ìwé ìpolówó Jámánì ò kà á. Bọ́ílà ìgbàlódé wá ń sọ ooru náà padà di omi, ó ń gba igbóná rẹ̀: èrè wọlé lórí owó tí wọn ò kà. Lórí gáàsì tiwọn, ìyàtọ̀ rẹ̀ tó bíi ìdá 11 nínú 100, ni 94 ṣe di 104 (94 × 1.11).

Ẹ dán an wò. Ẹ wọn sílíńdà kékeré oníkìló 3, ẹ gbé omi lítà 5 kaná láti 25°C dé 85°C, kí ẹ dé e, kí ẹ tún sílíńdà wọ̀n. Ká ní gíráàmù 50 ló lọ. Lítà omi kan ń gba igbóná 4.19 kilojúùlù (òṣùwọ̀n igbóná) kó tó fi 1°C gbóná sí i, torí náà omi gba 5 × 4.19 × 60, ìyẹn kilojúùlù 1,257. Bí ẹ bá ka gíráàmù gáàsì kan sí kilojúùlù 46, láìka igbóná inú ooru, ìdá 55 lẹ rí lò. Bí ẹ bá kà á sí 50, tí ẹ ka igbóná ooru mọ́ ọn, ìdá 50. Ìkòkò kan náà, iná kan náà!

Ẹ má jẹ́ kó hó, torí ooru á máa kó igbóná lọ láìjẹ́ pé tẹmómítà gbéra. Òṣùwọ̀n tó bá sì fi gíráàmù 10 ṣìnà ti ba ìdá 20 èsì yín jẹ́.

Ní ti àwọn ọmọ, bí omi tó ń ti inú irin amúyàrágbóná padà sí bọ́ílà bá gbóná ju bíi 55°C lọ, ooru ò ní di omi, 94 á kù sínú ìwé. Kí wọ́n dín igbóná omi tó ń lọ sínú irin náà kù (omi ìwẹ̀ inú táǹkì ò gbọdọ̀ relẹ̀ ju 60°C lọ). Kí wọ́n wá wo páìpù rọ́bà tó ń da omi nù lábẹ́ bọ́ílà. Bí bọ́ílà bá ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan tí páìpù yẹn ò kán, igbóná ń gba ojú èéfín jáde nìyẹn.